Bí O Ṣe Lè Darí Ikọ̀ Bọ́ọ̀lù Àdúgbò Tí Kò Ní Tú Ká

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó ọmọ jọ fún bọ́ọ̀lù ní Iléṣà, ìbáà jẹ́ ará Ìsọ̀kùn, ìbáà jẹ́ ará Ìjọfì: "Kí ló dé tí ikọ̀ wa fi ń tú ká lẹ́yìn ìdíje kan ṣoṣo?" Wọ́n ti ra jẹ́sì, wọ́n ti ya fọ́tò, àwọn míì tilẹ̀ ti gba ife. Kí ọdún tó yípo, bọ́ọ̀lù ti dàwátì, ọ̀rọ̀ owó ti dìjà, èèyàn mẹ́fà ló kù tó ń yọjú sí pápá.

Kì í sábà jẹ́ pé wọn ò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ẹnì kan ló ni bọ́ọ̀lù, òun náà ló ń gba owó, òun ló ń yan ẹni tó máa gbá, òun nìkan ló ní nọ́ńbà gbogbo èèyàn lórí fóònù. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá gbé e lọ sí Àkúrẹ́, ikọ̀ bá a lọ nìyẹn. Bí o ṣe máa darí ikọ̀ tí ìwọ nìkan kò ní jẹ́ òpó rẹ̀ ni a fẹ́ tò fún ẹ níbí. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lo ń darí, ìwọ náà má lọ. A ó kàn ẹ́ tó bá yá.

KÍ O TÓ FỌN FÈRÈ ÀKỌ́KỌ́

Má tíì pe ẹnikẹ́ni sí pápá tí nǹkan wọ̀nyí kò bá tíì sí nílẹ̀:

- Bọ́ọ̀lù méjì, nọ́ńbà 5. Àyíká bọ́ọ̀lù tó péye wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 68 sí 70; ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín gíráàmù 410 sí 450. Mú téèpù àwọn télọ̀ dání lọ sọ́jà, kí o wọ̀n ọ́n lójú ẹni tó ń tà á. Àwọn kan wà tí wọ́n kọ 5 sí lára tí kò tó bẹ́ẹ̀.
- Pọ́ǹpù kan àti abẹ́rẹ́ mẹ́ta. Abẹ́rẹ́ a máa ṣẹ́. Fi òróró díẹ̀ pa á kí o tó kì í bọ ihò bọ́ọ̀lù, torí abẹ́rẹ́ gbígbẹ ló ń ba fáàfù jẹ́.
- Fèrè kan, ìwé àkọsílẹ̀ kan tó ní ẹ̀yìn líle, bíírò méjì.
- Bíìbù, aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń wọ̀ sórí jẹ́sì láti fi dá ìhà méjì mọ̀: àwọ̀ méjì, mẹ́jọ-mẹ́jọ.
- Báńdéèjì, òwú, ọṣẹ, omi tó mọ́.
- Ìwé àṣẹ pápá.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò. Pápá ilé ìwé ni ikọ̀ púpọ̀ ń lò, ọ̀rọ̀ ẹnu pẹ̀lú ọdẹ ẹnu géètì ni wọ́n sì fi ń wọlé. Kọ̀wé sí ọ̀gá ilé ìwé fúnra rẹ̀. Kọ ọjọ́ tí ẹ máa lò ó, aago tí ẹ máa wọlé àti aago tí ẹ máa jáde, orúkọ èèyàn méjì tí wọ́n lè pè bí nǹkan bá bàjẹ́, àti ohun tí ẹ máa ṣe fún ilé ìwé, bíi gígé koríko lẹ́ẹ̀mejì lóṣù nígbà òjò. Bẹ̀ ẹ́ kó fọwọ́ sí ẹ̀dà kejì, kí o tọ́jú rẹ̀. Ìjọba a máa gbé ọ̀gá ilé ìwé kúrò lójijì. Bí tuntun bá dé, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti lọ kí i pẹ̀lú ẹ̀dà yẹn lọ́wọ́. Má dúró kó kọ́kọ́ bá yín nínú pápá.

Lẹ́yìn ìyẹn, lọ rí àwọn ọ̀gá tí ọmọ rẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ìdajì ikọ̀ àdúgbò sábà máa ń jẹ́ ọmọ iṣẹ́: mẹkáníìkì, wẹ́dà, télọ̀, onígi. Ọmọ tó bá sá kúrò níbi iṣẹ́ wá gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á lù ú tàbí kí wọ́n lé e, orúkọ tìrẹ ló sì máa bàjẹ́. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn lọ, kí o dọ̀bálẹ̀ bó ti yẹ, kí o sọ ọ́ tààrà: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ ọmọ yín ló gbé mi wá. Ọjọ́ Túsìdé àti Tọ́sìdé, aago mẹ́rin ààbọ̀ sí mẹ́fà, ni a fẹ́ máa tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ má jẹ́ kó wá, a ò ní bínú." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ń ṣí ilẹ̀kùn. Ọ̀gá tó mọ̀ pé òun lè sọ pé rárá kì í sábà sọ ọ́.

Ọ̀SẸ̀ MẸ́FÀ ÀKỌ́KỌ́

1. Pín ẹrù sí ilé mẹ́ta. Bọ́ọ̀lù àti pọ́ǹpù ní ilé kan, owó ní ilé kejì (akápò nìyẹn), ìwé àkọsílẹ̀ ní ilé kẹta (akọ̀wé nìyẹn). Kò gbọdọ̀ sí ilé tìrẹ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Á dà bíi pé o ń sọ agbára nù, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí bọ́ọ̀lù wà nílé rẹ̀ kò lè pa pápá jẹ lọ́jọ́ Túsìdé. O ti rí èèyàn kan tó máa wá dandan nìyẹn.

2. Ṣe òfin márùn-ún, má jù bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn dá a, kí akọ̀wé kọ ọ́, kí kálukú fọwọ́ sí i. Àpẹẹrẹ: wíwá lásìkò, kí ẹni tí kò ní wá fi iṣẹ́ ránṣẹ́, kò sí èébú sí rẹfirí, kò sí ọtí tàbí igbó ní pápá, ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù sí igbó ló máa lọ gbé e. Má fi owó ṣe ìtanràn. Ọmọ tí kò ní ₦500 kò ní san án, ojú á sì tì í láti padà wá, bẹ́ẹ̀ lo ṣe máa pàdánù rẹ̀ lórí ẹ̀ṣẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Jẹ́ kó gbé póòsì, kó kó bíìbù lọ fọ̀, kó gé koríko.

3. Bẹ̀rẹ̀ lásìkò, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹni mẹ́rin ló dé. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ máa tì ẹ́ lójú. Aago mẹ́rin ààbọ̀ á lù, ẹni mẹ́rin á wà nílẹ̀, àwọn yòókù á máa rìn gẹ̀ẹ̀rẹ̀ bọ̀ láti ojú títì. Fọn fèrè. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wàá rí i pé wọ́n ti ń sáré bọ̀. Olórí tó bá dúró de ẹni tó pẹ́ dé ti fìyà jẹ ẹni tó tètè dé, ẹni yẹn náà ò ní tètè dé mọ́.

4. Pín ìṣẹ́jú 90 ìdánrawò báyìí:
 - Ìṣẹ́jú 15: ara gbígbóná. Sísá wẹ́wẹ́, gbígbé orúnkún, nína iṣan.
 - Ìṣẹ́jú 25: bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀. Ẹni méjì-méjì, ìgbésẹ̀ mẹ́wàá síra wọn, ẹsẹ̀ ọ̀tún, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ òsì.
 - Ìṣẹ́jú 15: ibi ìdúró. Níbo ni kálukú máa wà bí a bá pàdánù bọ́ọ̀lù?
 - Ìṣẹ́jú 25: ẹ gbá a láàárín ara yín.
 - Ìṣẹ́jú 10: ẹ jókòó yípo, ẹ sọ̀rọ̀.

 Má darí gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ. Fún ọmọ kan ní ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, fún ẹlòmíràn ní 25 tó tẹ̀ lé e, kí o sì máa yí wọn padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ibẹ̀ ni wàá ti rí ẹni tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu.

5. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹ gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀rẹ́ kan pẹ̀lú ikọ̀ tí ẹ jọ tó ara yín. Ẹ má tíì rìn jìnnà. Òṣú àti Ìjẹ̀bú-Jèṣà ṣì máa wà níbẹ̀ ní oṣù mẹ́ta sí i. Owó ọkọ̀ ló kọ́kọ́ ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ikọ̀ tuntun.

6. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni kí o tó yan balógun.

YÍYAN BALÓGUN

Má yàn án lọ́jọ́ kìíní, má sì yan ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù jù torí pé ó mọ̀ ọ́n jù. Òfin bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ là á mọ́lẹ̀: balógun kò ní ipò àrà ọ̀tọ̀ tàbí ẹ̀tọ́ tó ju ti àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n ìwà ikọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Ẹrù ni, kì í ṣe oyè. Ṣe bí ẹni tí kò rí i, kí o fi nǹkan mẹ́ta wò wọ́n:

Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá kó sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn póòsì, tí kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbá a síbẹ̀, ta ló lọ?

Bí o bá yọ ọ́ jáde, níbo ló lọ dúró? Ẹni tó bá bọ́ bùútù, tó gbé báàgì, tó lọ sílé, má fún un ní báńdì balógun. Wo ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tó ń pariwo ibi ìdúró fún ẹni tó rọ́pò rẹ̀. Stephen Keshi ni balógun Super Eagles nígbà tí wọ́n gba ife Áfíríkà ní Tùnísíà ní 1994, kò sì sí lára mọ́kànlá tó bẹ̀rẹ̀ àṣekágbá pẹ̀lú Zambia. Balógun ṣì ni lórí bẹ́ǹṣì. Ní 2013, òun ló kó ikọ̀ náà lọ gba ife yẹn kan náà gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì.

Ẹ̀kẹta ló le jù: kí ló jáde lẹ́nu rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tí aṣọ́lé yín bá jẹ́ kí bọ́ọ̀lù yọ̀ lọ́wọ́? Bó bá na ọwọ́ sókè, tó wo ojú ọ̀run, tó pòṣé, ó ti sọ gbogbo ohun tó yẹ kí o gbọ́.

Bí o bá ti rí ẹni náà, fún un ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin láti fi dán an wò, kí o sì sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Yan igbákejì lọ́jọ́ kan náà. Kọ́ àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe ń bá rẹfirí sọ̀rọ̀: ọwọ́ sẹ́yìn, ohùn nílẹ̀, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí la ṣe?" Ní Euro 2024, balógun nìkan ni wọ́n gbà láyè kó lọ bá rẹfirí lórí ìpinnu ńlá. Ìwọ náà mú un lò nínú ikọ̀ rẹ, káàdì tí ẹ ń gbà lásán máa dín kù.

OWÓ

Ibí yìí ni kí o ti fara balẹ̀ jù.

Mú iye kékeré tí kálukú lè san, kí ó sì jẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Èèyàn 20, ₦200 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin: ₦16,000 lóṣù. Pín in lójú ẹsẹ̀:

- ₦8,000 fún ohun tó ń gbó: bọ́ọ̀lù, omi, bíìbù.
- ₦4,000 fún ẹni tó bá fara pa. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yá a, ìwọ pàápàá ò gbọdọ̀ yá a.
- ₦4,000 fún ìdíje àti owó ọkọ̀.

Akápò ń gbà á, akọ̀wé ń kọ ọ́, ìwọ ò fọwọ́ kàn án. Tọ́sìdé tó kẹ́yìn oṣù, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò, akọ̀wé á dúró, á ka ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sókè. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Kó mú rìsíìtì dání. Bí ₦150 omi inú ọ̀rá kò bá ní rìsíìtì, kó sọ ibi tí wọ́n ti rà á àti ẹni tí wọ́n jọ lọ.

Ẹni tí kò bá rí owó san ńkọ́? Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wá, a mọ òṣómàáló: kéèyàn lọ́ṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí yóò fi sanwó. Ó ṣiṣẹ́ fún aláṣọ. Kò ṣiṣẹ́ fún ikọ̀ bọ́ọ̀lù, torí ọmọ tí o bá lọ́ṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kò ní gbà ẹnu ọ̀nà yẹn jáde wá sí pápá mọ́. Jẹ́ kó fi iṣẹ́ san án, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ bíi pé owó ló san: "Gígé koríko, ọ̀sẹ̀ méjì, ₦400." Bí o kò bá kọ ọ́, àwọn tó ń sanwó á máa wò ó bí ẹni tó ń jẹ lófẹ̀ẹ́.

Owó ẹ̀bùn ìdíje ni kí ẹ pín sórí ìwé kí ẹ tó gbá bọ́ọ̀lù kankan. Ká ní ẹ gba ₦100,000. Ẹ lè sọ pé ₦40,000 á wọ àpò ikọ̀, ₦60,000 á wà fún èèyàn 20, ₦3,000 kálukú, ẹni tó gbá góòlù wọlé àti ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn kan á jiyàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn nísinsìnyí tí kò tíì sí owó nílẹ̀. Ìjà tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí owó ti dé kì í tán.

Ìkìlọ̀ kan lórí jẹ́sì ọ̀fẹ́. Bí àkókò ìbò bá ń bọ̀, olóṣèlú á gbé jẹ́sì wá. Ẹ lè gbà á, ṣùgbọ́n ẹ bi í bóyá orúkọ rẹ̀ máa wà lẹ́yìn rẹ̀. Ikọ̀ tó bá wọ orúkọ ẹnì kan kiri á pàdánù àwọn ọmọ tí bàbá wọn wà nínú ẹgbẹ́ kejì, bí ìbò bá sì parí, kò sí ẹni tó máa ra jẹ́sì míì fún yín.

ỌMỌ TÓ MỌ BỌ́Ọ̀LÙ JU GBOGBO YÍN LỌ

Gbogbo ikọ̀ ló ní ọ̀kan. Ó ń pẹ́ dé, kì í gbé póòsì, ẹ sì mọ̀ pé bí kò bá sí, ẹ ò ní gbá góòlù wọlé. Ọ̀nà méjì ni olórí ń gbà bà á jẹ́: kó máa wò ó níran, tàbí kó dójú tì í níwájú gbogbo èèyàn. Ṣe é báyìí:

1. Pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀yin méjì péré, lọ́jọ́ tí kò sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀.
2. Sọ ohun kan ṣoṣo, kí o mẹ́nu ba ọjọ́ rẹ̀: "Túsìdé tó kọjá, o dé ní aago márùn-ún kọjá ogún." Má sọ pé "ìgbà gbogbo lo máa ń pẹ́."
3. Bi í léèrè, kí o sì dákẹ́. Ó lè jẹ́ pé ó ń bá ìyá rẹ̀ kó ọjà láti Atákúnmọ́sà ni.
4. Bí kò bá sí ìdí gidi, jẹ́ kó ṣe ìyà tí gbogbo èèyàn ń ṣe, kì í ṣe méjì, kì í ṣe ààbọ̀.
5. Bó bá tún ṣe é, kó jókòó fún ìdajì àkọ́kọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kàn. Ẹ lè fìdí rẹmi lọ́jọ́ náà. Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ mọ́kàndínlógún ló ń wò ẹ́.

Kí o tún fún un ní ẹrù kan: kó mú ọmọ kékeré kan, kó máa kọ́ ọ ní ẹsẹ̀ òsì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ìdánrawò. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó dà bí agbéraga kàn jẹ́ ẹni tí ẹnikẹ́ni kò tíì fún níṣẹ́ tó jọjú ni.

Lórí àwọn tó ń pe ara wọn ní ẹ̀jẹ́ǹtì, ká sọ ọ́ kó yé wa. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí gba owó "físà", owó "tíráyà" tàbí ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ òbí ọmọ, ẹ sá fún un. Òfin FIFA kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kọjá lọ sí kílọ́ọ̀bù ní orílẹ̀-èdè míì, àfi ní àwọn ipò díẹ̀ tí òfin náà là kalẹ̀. Béèrè ìwé láti ọ̀dọ̀ kílọ́ọ̀bù náà gan-an, kí òbí wà níbẹ̀, kí ẹni tó mọ̀wé bá wọn kà á.

BÍ Ẹ BÁ Ń FÌDÍ RẸMI NÍ ÌSINMI ÌDAJÌ

Ìsinmi kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Olórí tí kò ní ètò á fi mẹ́wàá pariwo, á fi márùn-ún wá bùútù. Lo ètò yìí:

- Ìṣẹ́jú 3: omi. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ìwọ náà.
- Ìṣẹ́jú 2: balógun bi àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn ní ohun tí wọ́n ń rí. Àwọn ló ń wo gbogbo pápá.
- Ìṣẹ́jú 4: ìwọ sọ nǹkan méjì péré. Ìkẹta kò ní dé etí wọn.
- Ìṣẹ́jú 3: ta ló ń jáde, ta ló ń wọlé, ta ló máa mú ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ń yọ wá lẹ́nu.
- Ìyókù: ẹ dìde, ẹ padà sórí pápá kí wọ́n tó pè yín.

Ní 26 oṣù Keje 2025, Super Falcons ti jẹ góòlù méjì sí òdo lọ́wọ́ Mòrókò ní àṣekágbá ife àwọn obìnrin Áfíríkà, ní Rabat, nílé onílé. Góòlù mẹ́ta ni wọ́n gbá wọlé ní ìdajì kejì: 3-2. Ní Òlíńpíìkì Atlanta ní 1996, Brazil ń fi 3-1 na Nàìjíríà ní àṣekángun sí àṣekágbá, pẹnáritì Okocha kò sì wọlé. Wọ́n ṣì gbá a di 4-3, Kanu tó jẹ́ balógun ló gbá èyí tó parí ẹ̀. Ohun tó yẹ kí o mú níbẹ̀ ni pé Okocha ṣì wà lórí pápá, wọ́n ṣì ń gbé bọ́ọ̀lù fún un. Nínú ikọ̀ àdúgbò, ẹni tó bá pàdánù pẹnáritì ni a kì í gbé bọ́ọ̀lù fún mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mẹ́wàá ni ẹ sọ ara yín dà yẹn.

Bí ẹ bá fìdí rẹmi, má ṣe ìpàdé lọ́jọ́ náà. Inú ṣì ń ru. Ẹ kó bíìbù, ẹ ṣa ọ̀rá omi nílẹ̀, ẹ kí rẹfirí, ẹ máa lọ sílé. Nígbà tí Belgium lé Japan kúrò ní ife àgbáyé 2018 pẹ̀lú 3-2, lẹ́yìn tí Japan ti kọ́kọ́ fi góòlù méjì ṣíwájú, àwọn ará Japan gbá yàrá ìmúra wọn mọ́ tónítóní, wọ́n sì fi ìwé ìdúpẹ́ sílẹ̀ ní èdè Rọ́ṣíà. Ẹ ṣe ìpàdé ní ọjọ́ kejì tàbí ẹ̀kẹta. Kí kálukú kọ́kọ́ sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò ṣe dáadáa. Ìwọ ni kí o bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rọ́: ẹ má fi àbóníkí wọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Ooru àti ìwọ́ra ń mú kó wú sí i. Ẹ fi aṣọ wé yìnyín, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ di báńdéèjì, ẹ gbé ẹsẹ̀ náà ga. Ó tó wákàtí 48 kí ẹ tó ronú ìwọ́ra. Bí kò bá lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin, ilé ìwòsàn ni. Ẹni tó bá fi orí gbá orí, tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn tàbí tó ń bì, kò ní padà sórí pápá lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ àṣekágbá.

BÍ ÌWỌ FÚNRA RẸ BÁ FẸ́ LỌ

Wàá lọ. Iṣẹ́ á dé, ìyàwó á dé, ọmọ á dé. Alex Ferguson wà ní Manchester United láti 1986 sí 2013. Ó ju ọdún mẹ́ta lọ kó tó gba ife àkọ́kọ́ níbẹ̀, lẹ́yìn náà ló gba líìgì lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá. Láti ọjọ́ tó ti kúrò, àwọn tó ń lọ sí ilé ìwòran mọ̀ bó ṣe rí: líìgì kan ò tíì padà wọlé. Olówó ni wọ́n, wọ́n ní òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ. Ikọ̀ tìrẹ kò ní ìkankan nínú ìyẹn, nítorí náà tètè bẹ̀rẹ̀:

1. Láti oṣù kẹta, jẹ́ kí igbákejì rẹ máa darí ìdánrawò Tọ́sìdé. Má yọjú.
2. Kọ gbogbo ohun tó wà lórí rẹ sínú ìwé: nọ́ńbà àwọn òbí, orúkọ àwọn ọ̀gá iṣẹ́, ọmọ tó ní àsímà, ẹni tó ń fún yín ní póòsì yá.
3. Ní oṣù kẹfà, lọ kúrò fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Pa fóònù. Bí o bá padà, bi akọ̀wé ní ohun kan: kí ni kò ṣeé ṣe torí pé o kò sí? Ohun yẹn ni kí o kọ́kọ́ fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.
4. Bí o bá ti fi í sílẹ̀, má dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà máa pàṣẹ. Jókòó pẹ̀lú àwọn òǹwòran.

ÀṢÌṢE TÍ A Ń RÍ JÙ

Ríra jẹ́sì kí ẹ tó ra bọ́ọ̀lù kejì. Wíwọ ìdíje ní oṣù kìíní. Kíkó ọmọ láti ibòmíràn wá gbá àṣekágbá, kí àwọn tó ti ń fara dá òjò láti oṣù Kẹfà wá jókòó máa wò. Èyí ni a kórìíra jù. Ó ń fún yín ní ife kan, ó ń gba ikọ̀ lọ́wọ́ yín. Kí olórí sì máa fi àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ṣe akápò àti akọ̀wé, kó wá máa yà á lẹ́nu pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ tún máa ń gbàgbé kàlẹ́ńdà. Oṣù Karùn-ún àti Ìkẹfà, WAEC á kó àwọn ọmọ ilé ìwé lọ. Bí yunifásítì bá wọlé, àwọn kan á lọ sí Ifẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku á le, ẹ dín eré sísá kù, ẹ fi kún omi. Ní èèyàn 20 lórí ìwé kí 14 lè máa wá. Méje ni iye tó kéré jù tí òfin gbà kí ikọ̀ fi bẹ̀rẹ̀.

BÍ IPÒ TÌRẸ BÁ YÀTỌ̀

Bí kò bá sí pápá ńlá: ẹ lo póòsì kékeré, márùn-ún sí márùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ohun gbogbo tó wà lókè ṣì dúró, balógun pẹ̀lú.

Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lo ń darí: ìwé ìwọ̀n oníbàárà àti kọ́kọ́rọ́ ni bọ́ọ̀lù rẹ, má fi méjèèjì sí àpò kan. Fún ọmọ iṣẹ́ tó dàgbà jù ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ láti gba iṣẹ́, kó dá iye owó fúnra rẹ̀, kó dá aṣọ padà fúnra rẹ̀. Ìjókòó ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní Sátidé tó ìpàdé. Ẹni tó bá máa gba fíríìdọ̀m lóṣù mẹ́ta sí i ni kó máa kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí iṣẹ́ má bá a jáde.

Bó bá jẹ́ ikọ̀ ọmọbìnrin: aago ló yàtọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ òbí kò ní gbà kí ọmọ wọn dé lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, nítorí náà Sátidé aago méje àárọ̀ ló dára, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ sí aago mẹ́wàá bí ìmọ́tótó oṣooṣù bá bọ́ sí i. Lọ rí ìyá wọn, kì í ṣe bàbá nìkan. Kí obìnrin àgbà kan wà ní pápá ní gbogbo ìgbà, kí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé tí ẹ kọ sí ọ̀gá ilé ìwé.